Kì Í Ṣe Ògún Ló Fẹ́ Ẹ̀jẹ̀, Ilẹ̀ Yáàdì Wa Ni

Kò sí ẹni tó wọ yáàdì wa láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí kò rí ìwé tí àwọn aláṣẹ lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń fọwọ́ síwèé àárọ̀. Nínú ìwé náà ni wọ́n ti ń yìn wá pé a gbọ́n, pé a ní àtinúdá, pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ́kṣọ́ọ̀bù fi àlòkù irin kan sítáǹdì ẹ́ńjìnnì tó ń rìn lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, láìná ilé iṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Ẹ tún un kà dáadáa: láìná ilé iṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹnì kan bá ń yin adìẹ yín pé ó sanra, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kejì bóyá ọ̀bẹ wà níbẹ̀.

A kò kọ ìyìn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ìdí tí a fi kan sítáǹdì náà, bí a ṣe kàn án, àti ohun tí ilé iṣẹ́ jẹ wá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni olórí ẹjọ́. Yáàdì tí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì kò ní kọnkéré. Ilẹ̀ pupa ni, tí ọ́ìlì ọdún gbọgbọrọ ti sọ di dúdú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó le bí àpáta, ó sì kún fún kòtò àti gegele; nígbà òjò ó di ẹrọ̀fọ̀ tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ọ́fíìsì máníjà ní táìsì. Ibi tí àwọn ọ̀gá ń gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn sí ní kọnkéré, ó sì ní ìbòrí páànù. Ọkọ̀ tó ń sinmi wà lábẹ́ ìbòrí, ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ wà nínú òjò.

Lórí ilẹ̀ yìí ni a ti ń fi ṣéènì bulọ́ọ̀kù fa ẹ́ńjìnnì jáde kúrò lára bọ́ọ̀sì. Bí ó bá jáde tán, níbo ni a ó gbé e sí? Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, orí táyà àlòkù ni. A ó tẹ́ táyà kan tàbí méjì sílẹ̀, a ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lé e, ọmọ iṣẹ́ kan á wá òkúta tàbí pákó kan fi dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó sì máa tú u lórí ìbẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ní láti pe ẹni mẹ́rin kí wọ́n wá bá a yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀yìn ríro ti di ara owó oṣù wa.

Kí ni wọ́n sì ń yí? Ẹ́ńjìnnì Volkswagen ìjàpá, tó wà lára èyí tó kéré jù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, wúwo tó nǹkan bí 100 kílò. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù onísílíńdà mẹ́rin ti ọkọ̀ kékeré sábà máa ń wà láàrin 100 sí 200 kílò. Ẹ́ńjìnnì dísù onísílíńdà mẹ́fà, irú ti Mercedes 911 tí àwọn bàbá wa fi ṣe mọ́lùẹ́ l'Ékòó, tó nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ, a kò sì tíì ka gíáàbọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ lórí táyà àlòkù, nínú ẹrọ̀fọ̀, òkúta kan ló dá a dúró.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ yí kúrò lórí táyà. Ẹlẹgbẹ́ wa kan, tí a kò ní í dárúkọ níbí nítorí ọ̀wọ̀ ìdílé rẹ̀, ti ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ rẹ̀ láti tún òkúta ṣe. Ìka méjì ló lọ. Ẹni yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń fi ìka pa béárìn kíráńkì lásán tí wọ́n á sì sọ fún yín bóyá ó ti jẹ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohun ìwọ̀n dé. Nígbà tí aṣojú wa lọ bá àwọn aláṣẹ, ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé kí a lọ bọ Ògún, pé ó pẹ́ tí Ògún ti jẹun ní yáàdì yẹn.

A bọ̀wọ̀ fún Ògún. Kò sí ẹni tó ń fi irin jẹun tó lè pa Ògún tì, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ. Ṣùgbọ́n Ògún kọ́ ló kọ̀ láti da kọnkéré. Ògún kọ́ ló mú kálàmù pupa, tó fi fa ìlà sórí owó ohun èlò wọ́kṣọ́ọ̀bù nínú ìwé ìnáwó. Ẹni tó bá ń fi orúkọ òrìṣà bo ìwà ahun rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun àti òrìṣà ni yóò yanjú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì ni tiwa pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí a kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, wọ́n ra sítáǹdì kan lọ́jà. Ó dára lójú. Ọ̀dà pupa ló wà lára rẹ̀, ó ń dán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi lẹ́tà T, ó ní òpó kan ṣoṣo, apá kan ṣoṣo ló sì yọ síwájú tí ẹ́ńjìnnì yóò rọ̀ sí bí ẹni so àdán mọ́ ẹ̀ka igi. Wíìlì irin mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọn kò ga ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ tó dán ni wọ́n ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún. Ní 1975, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen lójú ọ̀nà Badagry l'Ójòó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, orí kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni iṣẹ́ irú èyí ti ń lọ. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wíìlì kékeré kò ní wàhálà. Ẹ gbé e wá sí yáàdì tiwa kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Wíìlì ínǹṣì mẹ́ta tó bá pàdé òkúta ínǹṣì kan yóò dúró gbọn-in, nítorí òkúta náà dà bí ògiri níwájú rẹ̀. Wíìlì tó ga tó ínǹṣì mẹ́rìnlélógún yóò gun òkúta kan náà kọjá láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé wíìlì irin tó tín-ín-rín gbé gbogbo ìwúwo lé orí ilẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ń wọlẹ̀ bí ìṣó. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wọlẹ̀, tí ènìyàn méjì sì ń fi agbára ti nǹkan náà láti òkè, ẹsẹ̀ á dúró, orí á máa lọ. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró tí orí rẹ̀ ń lọ, ìṣubú ló ń lọ.

Ó ṣubú ní ọjọ́ kẹta. A dúpẹ́ pé kò bà lé ẹnikẹ́ni. Ara ẹ́ńjìnnì là, ilé iṣẹ́ sì ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ máa ń ṣe: wọ́n fún mẹkáníìkì tó ń tì í ní kúẹ́rì pé ó fi àìbìkítà ba ohun ìní ilé iṣẹ́ jẹ́, wọ́n sì ní àwọn yóò máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀ka wa gbé Òfin Iṣẹ́ ti 1974 síwájú wọn. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé agbanisíṣẹ́ kò lè yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tó bàjẹ́, àfi tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò náání iṣẹ́, àfi tí ọ̀gá àyẹ̀wò iṣẹ́ ti ìjọba bá sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Wọn kò ní ìwé kankan. A bi wọ́n pé ta ni kò náání iṣẹ́, ṣé ẹni tó ti sítáǹdì ni tàbí ẹni tó ra ohun tí kò bá ilẹ̀ wa mu láìbi àwọn tí yóò lò ó? Wọ́n fa kúẹ́rì náà ya. Ẹ fi sọ́kàn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bẹ̀rù ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni a pinnu láti kan tiwa. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́, láìgba ófátáìmù. Ẹ̀ka ló ra ẹlẹ́tíróòdù àti bóòtù láti inú owó ẹgbẹ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ wa ní àwìn ní Sátidé kejì, a sì ti san án.

Awuyewuye pọ̀ kí a tó fi irin kan kan irin. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ni kí a fún un, pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ohun tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, bí ilẹ̀ ṣe wù kó rí gbágungbàgun, gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kanlẹ̀. Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń mì. Ṣùgbọ́n ààrò kì í rìn. Bí a bá ti ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lórí gegele, ó rọrùn kó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí kò ti sí ẹsẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún péré, ló ní kí a lọ wo abẹ́ katakata. Áàsù iwájú katakata kò dì mọ́ ara rẹ̀ gbọn-in-gbọn-in. Orí pínnì kan láàrin ló ti ń mì sọ́tùn-ún sósì, tó fi jẹ́ pé bí wíìlì kan bá gun òkúta, èkejì ṣì wà nílẹ̀. Bí a ṣe ṣe tiwa nìyẹn. Áàsù ẹ̀yìn dì pinpin, ti iwájú ń mì lórí pínnì. A sì jó irin méjì mọ́ abẹ́ rẹ̀ láti dá a lẹ́kun, kí mímì náà má baà kọjá ínǹṣì mẹ́rin. Ìmọ̀ràn bàbá àti ti ọmọdé ló pàdé níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A fi kan sítáǹdì náà.

Àwọn wíìlì náà ti ara ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó ti kú wá, ríìmù ínǹṣì 14 pẹ̀lú táyà rẹ̀. A kò fẹ́ atẹ́gùn sí wọn le jù, nítorí táyà tó rọ̀ díẹ̀ ń tẹ́ sílẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní wọ ẹrọ̀fọ̀ bí èyí tó le. Ní ti ìbú rẹ̀, òfin tí a fi de ara wa ni pé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ti òsì kò gbọdọ̀ sún mọ́ra ju bí àárín ẹ́ńjìnnì ṣe ga sí ilẹ̀ lọ. Bí àárín ẹ́ńjìnnì bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí àwọn wíìlì jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó kéré tán. Tiwa jẹ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ kó ga kí ẹ̀yìn má baà dun òun, kó fẹ̀ ẹ́ sí i.

A kò lo òpó kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì tó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ kò yẹ kó rọ̀ sára apá kan. Òpó méjì ni tiwa, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, irin ṣánẹ́ẹ̀lì tó nípọn tó mìlímítà mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì sì wà láàrin wọn bí ẹran tí a fẹ́ sun. Orí òpó kọ̀ọ̀kan ní àwo irin róbótó tí a lu ihò mẹ́jọ sí, kí a lè yí ẹ́ńjìnnì, kí a sì fi pínnì tó nípọn tó 20 mìlímítà dá a dúró níbi tó bá wù wá. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣèèṣì: ẹ má ṣe fi ojú kíráńkì ṣe àárín tí ẹ́ńjìnnì yóò ti máa yí. Orí ẹ́ńjìnnì wúwo. Bí ẹ bá gbé e sórí ojú kíráńkì, gbàrà tí ẹ bá fa pínnì yọ ni yóò fẹ́ dorí kodò lójijì, irin tí ẹ fi ń yí i á sì gbá ẹni tó dì í mú lágbọ̀n. Ẹ gbé ojú yíyí náà sókè díẹ̀ ju kíráńkì lọ, níbi tí ìwọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti dọ́gba. Ẹ fi ṣéènì gbé e, kí ẹ fọwọ́ kan yí i wò, kí ẹ tó jó àwo náà pa.

Bóòtù kì í ṣe bóòtù lásán. Ẹ wo orí rẹ̀: kí a kọ 8.8 tàbí 10.9 síbẹ̀. Èyí tí a kò kọ nǹkan kan sí lórí, ẹ fi kan àga. Kí bóòtù sì wọ inú ara ẹ́ńjìnnì jìn tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ìnípọn ara rẹ̀, ó kéré tán. Bóòtù tó bá mú ẹnu lásán yóò fà yọ pẹ̀lú ẹnu náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kí a lo páìpù omi, pé ó pọ̀ nílé wọn, pé ọ̀fẹ́ ni. A kọ̀ ọ́. Páìpù omi tó funfun ní síńkì lára. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, èéfín funfun tó ń jáde ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, nígbà tó bá sì di alẹ́, wẹ́dà á máa gbọ̀n, ara rẹ̀ á gbóná, ẹnu rẹ̀ á korò. Ó máa rò pé ibà ni. Ẹ wo iye oògùn ibà tí àwọn wẹ́dà wa ti gbé mì lórí èéfín síńkì! Ẹni tí kò bá rí irin mìíràn lò, kó kọ́kọ́ lọ síńkì náà kúrò títí irin dúdú á fi yọ, kó sì jó o ní ìta gbangba, kí atẹ́gùn máa gbá èéfín lọ kúrò lójú rẹ̀. Bákan náà ni ẹlẹ́tíróòdù tó ti fa ọ̀rinrin nígbà òjò: ojú jíjó rẹ̀ á kún fún ihò bí àkàrà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó lò ó.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ẹsẹ̀ jáàkì pẹ̀lú pátákó irin ínǹṣì mẹ́wàá lábẹ́. Bí sítáǹdì bá dé ibi iṣẹ́, a ó sọ jáàkì kalẹ̀ kí ìwúwo kúrò lórí táyà, kó má máa fò sókè sódò bí a ti ń fa sípánà. Orí táyà la fi ń rìn, orí jáàkì la fi ń ṣiṣẹ́.

A kò gbé ẹ́ńjìnnì kankan sí i títí a fi dán an wò. Ẹ́ńjìnnì tó wúwo jù ní yáàdì jẹ́ nǹkan bí 400 kílò; a di yanrìn tó jẹ́ 600 kílò, ìyẹn ìlọ́po kan àtààbọ̀, a fi ṣéènì gbé e kọ́ ọ nílẹ̀-nílẹ̀, kó má ju gíga ọwọ́ kan lọ sí ilẹ̀, gbogbo ènìyàn sì jìnnà sí i. Ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, wẹ́dà wa tó dàgbà jù fi kẹrosíìnì pa gbogbo ojú jíjó, ó jẹ́ kó wọlé, ó nù ún gbẹ, ó sì fi ẹfun pa á. Bí irin bá là, kẹrosíìnì tó ti wọ inú rẹ̀ yóò yọ ìlà dúdú sára ẹfun. Kò sí ìlà kankan. Nígbà náà la tó pe ẹ́ńjìnnì. Ẹni méjì ló ń tì í báyìí kọjá inú gegele tó ti gba ìka ẹlẹgbẹ́ wa.

Ohun tí wọ́n ń yìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé ara ògiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìwé mìíràn jáde láti ọ́fíìsì, èyí tí wọn kò lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí sítáǹdì ti dé, ẹni mẹ́ta ló tó fún ẹ́ńjìnnì kan dípò ẹni márùn-ún. Wọ́n ní kí iye ẹ́ńjìnnì tí à ń parí lọ́sẹ̀ pọ̀ sí i. Wọ́n sì ní àwọn fẹ́ wo ọ̀rọ̀ àwọn káṣúà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "wo ọ̀rọ̀" túmọ̀ sí ní ẹnu àwọn aláṣẹ. A kan ohun tí yóò gba ọwọ́ ènìyàn là, wọ́n fẹ́ fi gé ọwọ́ kúrò níbi iṣẹ́.

Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé àwa la fà á. Wọ́n ní ṣebí àwọn kìlọ̀, pé òṣìṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ yẹ kó ṣe, pé ká ti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà lórí táyà títí ojú yóò fi ti wọn. A gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ojú kì í ti ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìka ń já. Ta ni yóò máa ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì títí ìtìjú náà yóò fi dé? Ọmọ ta ni? Ẹni tó bá ní kí a dúró, kó wá dúró níbẹ̀. A kò kan sítáǹdì kí ọ̀gá má baà náwó. A kàn án kí a lè ní ọwọ́ tí a ó fi bá ọ̀gá jà.

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń sọ pé ọgbọ̀n ọdún lẹ ti fi táyà ṣe é tí ìka yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé, a dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ ṣáà ṣírò àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí ní yáàdì mọ́, kí ẹ ka ìka tiwọn náà mọ́ ọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òfin. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 ka ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe mọ́ ilé iṣẹ́. Kì í ṣe ibi tí ẹ̀rọ ńlá ń dún nìkan. Ó ní kí ilẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń rìn dúró dáadáa, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní gbogbo ṣéènì, okùn àti ohun èlò ìgbẹ́rù tí a ń lò, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàrin oṣù mẹ́fà. A béèrè ìwé àyẹ̀wò ṣéènì bulọ́ọ̀kù wa. Wọ́n wá a lọ sí sítọ́ọ̀, wọn kò tíì padà.

Lórí ẹlẹgbẹ́ wa tó farapa, ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Òfin Owó Ìtanràn fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 ti rọ́pò ti àtijọ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó náà sí àpò NSITF, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wa. Ẹni tó bá farapa, tàbí ẹbí rẹ̀, ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Agbanisíṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje péré láti fi tó NSITF létí. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan àti "pẹ̀lẹ́" tàn jẹ títí ọjọ́ fi kọjá. Ẹ má gba "pẹ̀lẹ́" láìgba ìwé. Akọ̀wé ẹ̀ka ló bá ẹlẹgbẹ́ wa kọ tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀, èsì rẹ̀ sì wà lọ́nà.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n da kọnkéré sí ibi tí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì ṣe ìbòrí lé e, irú èyí tó wà lórí ọkọ̀ wọn. A kò sọ pé kó lẹ́wà jù ú lọ. Kí wọ́n dá owó ẹlẹ́tíróòdù àti bóòtù padà sí àpò ẹ̀ka, kí wọ́n sì san Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ófátáìmù fún gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wa. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá yẹ ṣéènì wò kí oṣù yìí tó parí. Kí ìwé nípa ẹni mẹ́ta dípò ẹni márùn-ún di yíya bí kúẹ́rì àkọ́kọ́ ṣe di yíya. Ní ti káṣúà, mẹ́ta nínú wọn wà lára àwọn tó jó irin náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ẹyọ kan dúró lórí ọ̀rọ̀ sítáǹdì, lọ́jọ́ náà ni sítáǹdì yóò jáde ní yáàdì, a ó sì tì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó ní táyà, ó lè rìn jìnnà.

Títí ìgbà náà, ohun ìní ẹ̀ka ni. Pínnì méjèèjì tó ń dá àwo dúró wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó wá fọwọ́ sí ìwé, kó sì dá a padà kó tó lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ́ táyà fún ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹni yòówù tó bá pàṣẹ rẹ̀. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Àwọn ará wa ní ẹ̀ka ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wa, tí wọ́n ń yí páǹpù àti mọ́tò iná mànàmáná lórí ilẹ̀ lásán lẹ́yìn ilé, ti ní kí a bá àwọn kan irú rẹ̀. A ó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Áàsù ti wà nílẹ̀. Ríìmù ínǹṣì 14 méjì ló kù; ẹni tó bá ní in nílé, kó gbé e wá.